Ìlà Tó Gba Ilé Ìdáná Ìyá Tantólúwa Kọjá

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì yín kúrò lórí ìlà," ni Ìyùnadé wí, "kí n lè rí ibi tó gbà kọjá."

Ìyá Tantólúwa kò gbé ẹsẹ̀ kankan. Ẹja ló ń yí lórí ààrò rẹ̀ tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́, kò sì rí ìdí tí ẹja òun yóò fi jóná nítorí ìjọba. Ìlà ọ̀hún ń jáde láti inú wàláà tó wà lọ́wọ́ Ìyùnadé, ìmọ́lẹ̀ pupa fòò tí kò nípọn ju òwú ìránṣọ lọ. Ó ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wọlé láìkágò, ó gorí ààrò, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ, ó wá forí lé ojú fèrèsé.

"Ẹ wá wo ìran," ni Ìyá Tantólúwa wí, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú. Nídìí ààrò, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró, ìyẹn ni pé ará Ẹkùn Kẹrin ni. Ó nawọ́ mú ìgò iyọ̀ lórí pẹpẹ, ẹ̀gbà náà sì yí padà di àwọ̀ ewé. Ó ti dèrò Ẹkùn Keje. "Nídìí ẹja, aṣòfin kan ló ni mí. Nídìí iyọ̀, aṣòfin mìíràn ló ni mí. Tí mo bá wá fẹ́ jẹ ẹja oníyọ̀ ńkọ́?"

"Ibi tẹ́ ẹ bá ń sùn ni òfin ń wò, mà."

"Yàrá mi nìyẹn o, lẹ́yìn aṣọ ìkélé yẹn."

Ìyùnadé wo wàláà. Ojú tì í kó tó sọ ohun tó rí. "Ibẹ̀ ti bọ́ sí Ẹkùn Kejì, mà."

Ìyá Tantólúwa bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín inú dídùn. "Ilé kan ṣoṣo, aṣòfin mẹ́ta! Kí wọ́n kúkú wá bá wa jẹun nígbà náà."

Ẹnì kan wúkọ́ lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Màmá Àyọ̀ká ni, ìyá ọkọ Ìyá Tantólúwa. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ò sì ríran dáadáa mọ́, àmọ́ etí rẹ̀ kò tíì gba ìsinmi kankan. "Atọpa-ààlà," ó wí, "ìgbà wo lo máa tẹ̀ka sí ìlà yìí?"

"Kí oòrùn tó wọ̀ lónìí, Màmá."

"Tó o bá ti tẹ̀ ẹ́, Ẹkùn Kẹsàn-án wa ti kú nìyẹn."

"Wọn kì í sọ pé ó kú, Màmá. Wọ́n ní wọ́n dà á pọ̀ mọ́ àwọn yòókù."

"Iyọ̀ náà ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ ọbẹ̀. Ta ló tún fojú kàn án mọ́?" Màmá gbé ọ̀pá rẹ̀ láti apá kan sí apá kejì. "Odi omi wa wá ńkọ́?"

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bó ṣe ń bọ̀ létí òkun, Ìyùnadé ti rí odi náà. Ó ti sán níbi mẹ́rin, omi sì ń gba ibi kan nínú rẹ̀ yọ. Àtúntẹ̀dó ni orúkọ ìlú náà, àwọn tí òkun gba ilé wọn àtijọ́ ló sì tẹ̀ ẹ́ dó. Lábẹ́ òfin, aṣòfin ẹkùn kọ̀ọ̀kan ló ń jà fún àtúnṣe odi tó wà níwájú àwọn èèyàn rẹ̀. Orí òkè ni Ẹkùn Kejì wà, orí òkè náà ni Ẹkùn Kẹrin àti Ẹkùn Keje wà. Àwòrán ni wọ́n ti ń rí òkun níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti pín Àtúntẹ̀dó sọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ni nínú wọn tó máa fi oorun sílẹ̀ nítorí odi ẹlòmíràn?

"Èèyàn igba ó lé méjìlá lẹ fi dín, Màmá," ni Ìyùnadé wí nígbẹ̀yìn. "Iye tó yẹ kí ẹkùn kan ní lẹ ò pé. Apààlà, ẹ̀rọ tó ń ya ìlà, ò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Iye ló mọ̀."

"Mo mọ̀ pé kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Àwa la kúkú ní kí wọ́n lọ ṣe ẹ̀rọ tí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni wá." Inú Màmá Àyọ̀ká máa ń dùn bó bá rí ẹni tí yóò bá sọ ọ̀rọ̀ àtijọ́, àní bí onítọ̀hún bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀tá. "Nígbà ayé bàbá mi, àwọn olóṣèlú ló ń ya ìlà fúnra wọn. Ẹkùn mẹ́jọ la kọ́kọ́ ní ní ìpínlẹ̀ yìí, wọ́n dára, wọ́n rí rogodo. Nígbà tó ṣe, wọ́n di mọ́kànlá. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tá a ń pè ní Ẹkùn Onírù. Ṣé o gbọ́ ọ rí?"

"Wọ́n fi kọ́ wa nílé-ẹ̀kọ́, Màmá."

"Wọn ò lè fi kọ́ yín tán. Aṣòfin ibẹ̀ fa ìrù sí i, ìrù ọ̀hún gba inú igbó, ó gba ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ onílé, títí ó fi dé ilé àwọn àna rẹ̀, kí àwọn àna lè rí i dìbò fún. Wọ́n tún ya ìlà yí ilé alátakò rẹ̀ po, àfi òun àti àwọn adìyẹ rẹ̀ ló kù nínú ẹkùn tí wọ́n ti í sí. Orúkọ ewúrẹ́ wà nínú ìwé olùdìbò nígbà yẹn. Ewúrẹ́ kan wà tó dìbò lẹ́ẹ̀mẹta." Ó mi orí. "Ilé tá a bá fitọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ó wó. A gba gègé lọ́wọ́ olóṣèlú, a gbé e fún ẹ̀rọ. A wá ní ẹ̀rọ nìkan kọ́, àfi kí ọmọ èèyàn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín dópin, kó sì tẹ̀ka sí i, kó tó di òfin. Ìdí nìyẹn tó o fi wà nínú ilé ìdáná wa tó ò ń dí wa lọ́wọ́."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Mi ò bínú sí ọ. Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

Ìyùnadé gbé wàláà sókè, ó tẹ̀ lé ìlà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Ọdún méjìlá ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ó sì ti kọ́ pé kí òun má máa wo ojú àwọn èèyàn púpọ̀ bí ìlà bá ń gba ilé wọn kọjá. Nítorí náà, ara ògiri ló ń wò. Ibẹ̀ ló ti rí ẹ̀wù ìléfòó tí wọ́n fi kọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lọ sétí òkun ní Àtúntẹ̀dó láìwọ ẹ̀wù ìléfòó, torí pé omi kì í ránṣẹ́ kó tó wá. Mẹ́ta tóbi nínú wọn. Márùn-ún kéré, èyí tó kéré jù kò tó fìlà àgbàlagbà.

Ó wo wàláà. *Ilé yìí: àgbàlagbà mẹ́ta. Ọmọdé, ọ̀kan.*

Ó tẹ̀ lé ìlà dé ilé kejì. Ẹ̀wù kéékèèké méje ló wà níbẹ̀, wàláà sì sọ pé ọmọdé méjì. Nílé kẹta, ẹ̀wù mẹ́rin, wàláà ní kò sí ọmọdé kankan, bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé kan ń yọ ojú wò ó lábẹ́ tábìlì. Nígbà tó fi máa dé ilé kẹfà, kò tíì rí ilé kan tí iye rẹ̀ bára mu. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó yí padà, ó fi ìlà sílẹ̀ níbi tó wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré padà sí ilé ìdáná ọ̀hún.

"Ìyá Tantólúwa, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ẹ̀wù ìléfòó márùn-ún yẹn, ta ló ni wọ́n?"

Obìnrin náà yí ẹja kan tó ti yí tẹ́lẹ̀.

"Mà?"

"Wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́."

"Èyí tó kéré jù ṣì tutù. Ẹnì kan wọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí."

Màmá Àyọ̀ká fi ọ̀pá gbá àpótí kan síwájú. "Jókòó, ọmọ mi," ó wí. Ìyùnadé jókòó.

"Ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹ̀rọ abìyẹ́ ló kà wá látòkè, kò sì sí ẹni tó bi wá ní nǹkan kan. Àmọ́ a gbọ́ pé wọ́n ń wo àwọn èèyàn nínú balùwẹ̀, gbogbo ìpínlẹ̀ bá dìbò lé wọn lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rọ kan wá kanlẹ̀kùn. Ó kí wa dáadáa. Ó wá béèrè pé ọmọ mélòó la ní." Màmá Àyọ̀ká kọjú sí Ìyùnadé. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́, wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á sì tún kà wọ́n. Àwa kì í fi ṣeré. Ọ̀sẹ̀ tí òkun gba ilé wa, ọkùnrin kan wá látọ̀dọ̀ ìjọba, ó tò wá sójú pópó, ó ń ka àwọn ọmọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi gègé kàn wọ́n lórí. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ní ọjọ́ kẹrin, omi dé. Mo mọ̀ pé gègé kọ́ ló pe omi. Mo mọ̀, má bá mi jiyàn. Àmọ́ ẹnu wo ni kí n tún fi dá iye sọ?"

"Ẹ̀rọ bi mí, mo ní ọ̀kan," ni Ìyá Tantólúwa wí, kò gbójú sókè. "Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Gbogbo wa la sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa tìtorí ẹ̀ gba ẹkùn wa."

Àánú wọn ṣe Ìyùnadé, ẹ̀rù sì bà á pọ̀ mọ́ àánú náà. Òfin kan wà tí gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ mọ̀, òfin irọ́ nípa iye, tí wọ́n ṣe nítorí ewúrẹ́ tó dìbò lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá jẹ̀bi rẹ̀ kò ní í dìbò fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n á sì ka orúkọ rẹ̀ lórí rédíò fún ọjọ́ méje. Bí Ìyùnadé bá tú àṣírí pé àwọn ọmọ wà tí wọn ò kà, Ẹkùn Kẹsàn-án lè yè, ṣùgbọ́n gbogbo ìyá ọlọ́mọ tó wà nínú rẹ̀ ni yóò fi ìbò tiẹ̀ san án. Bó bá sì dákẹ́, tó tẹ̀ka, tó bá tirẹ̀ lọ, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Odi nìkan ni yóò mọ̀, lọ́dún tó ń bọ̀ tàbí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó wu Ìyùnadé kó dákẹ́. Ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn, ó wù ú fún bí ìṣẹ́jú méjì gbáko.

Nígbẹ̀yìn, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bó ṣe rí, kò fi ìkan pa mọ́. "Ẹ̀yin lẹ máa yan èyí tẹ́ ẹ fẹ́," ó wí. "Èmi ò lè yàn án fún yín."

Ìyá Tantólúwa kò ronú pẹ́. Ó gbé ẹja kúrò lórí ààrò, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró. "Orúkọ tèmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ. Mo lè wà láìdìbò fún ọdún mẹ́wàá. Mi ò lè wà nínú omi fún ọjọ́ kan." Ó wá gbójú sókè. "Àmọ́ mi ò ní í ka iye wọn o, àǹtí. Wọn ì báà tì mí mọ́lé."

"Wàláà ò ní í gbà á láìsí iye, mà."

"Ta ló ní ká kà wọ́n?" ni Màmá Àyọ̀ká wí. "A kì í ka ọmọ, àmọ́ a máa ń pe ọmọ wá jẹun. Ṣé òfin ní ká má pe ọmọ wa wá jẹun ni?"

Ìyùnadé wò ó. Ó wo wàláà. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi wé wàláà náà yípo, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan níta àfi ojú kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ka sí. Ó gbé e sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. "Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀," ó wí. "Kò sí ẹni tó máa rí iye. Èmi gan-an ò ní í rí i."

Ìyá Tantólúwa jáde síta, ó gbé ohùn sókè. "Àkànjí o! Àmọ̀kẹ́! Ìṣọ̀lá ò, ẹ wá jẹun!" Àwọn obìnrin ilé kejì gbọ́, wọ́n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ, pẹ̀lú ohun tó lè ná wọn. Àwọn kan sunkún. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ìjọba ò ní í fi ọrùn èèyàn sílẹ̀ láéláé. Ẹ̀yìn náà ni àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ. Láti òpópó dé òpópó, oríkì ló ń dún: Àyìnlá, Àṣàkẹ́, Àlàó, Àwẹ̀ró, Àjàní mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà láti ilé mẹ́ta. Àwọn ọmọ ń sáré bọ̀, ẹ̀wù ìléfòó wọn ń ró pẹ̀ẹ̀-pẹ̀ẹ̀ lára wọn. Wọ́n rò pé oúnjẹ wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìka ni wọ́n ní kí wọ́n wá tẹ̀. Ìyá Tantólúwa ń fi ẹja há wọn lẹ́nu kí wọ́n má baà sunkún. Ọmọbìnrin kan fi ìka olóròóró tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wàláà sì jágbe mọ́ ọn lábẹ́ ìborùn pé ó ti tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó kẹ̀yìn sí wàláà ní gbogbo àsìkò tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń kọjá, ó sì dijú mọ́ ọn, kó má baà ṣèèṣì kà wọ́n.

Oòrùn ti rẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ tó kẹ́yìn tẹ̀ka. Wàláà gbọ̀n pẹ̀rẹ̀. Ohùn Apààlà jáde láti inú rẹ̀, ohùn tútù tí kì í kánjú.

"Iye ti pé. Ìlà lè padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́. Ṣùgbọ́n iye àkọ́kọ́ kò bá ti òní mu. Ta ló pa irọ́ nípa iye? Dárúkọ wọn, kí ìlà tó kúrò."

Ìyá Tantólúwa gbẹ́sẹ̀ síwájú. Ìyùnadé na ọwọ́ dá a dúró, ó sì fi ọwọ́ kejì tẹ ẹ̀gbà ọwọ́ ara rẹ̀ láti pe ọ̀gá rẹ̀ ní olú-ìlú. Alàgbà Ṣíjúwadé ni orúkọ ọ̀gá náà, òun ló ń tọ́jú ìwé òfin ààlà, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun lẹ́yìn ago márùn-ún.

"Ìyùnadé, ṣé o ti tẹ̀ka?"

"Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka òfin irọ́ nípa iye, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an."

"O kà á nílé-ẹ̀kọ́."

"Mo kà á torí ìdánwò ni, sà."

Alàgbà náà mí kanlẹ̀. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé. "'Ẹnikẹ́ni tó bá kọ orúkọ ẹni tí kò sí láyé, tàbí ti ẹni tó ti kú, tàbí ti ẹran ọ̀sìn, láti fi mú kí iye pọ̀ sí i, irọ́ nípa iye ló pa, yóò sì pàdánù ìbò rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.'"

"Kí ló tẹ̀ lé e, sà?"

"Òfin mìíràn. Òfin nípa àpótí ìbò."

"Ẹni tó bá wá dín iye kù ńkọ́?"

Wọ́n tún gbọ́ ìró ìwé, ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn.

"Ìyùnadé," ni ó wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, "látọjọ́ tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀, mi ò tíì gbọ́ pé ẹnì kan dín in kù rí. Àfikún ni gbogbo wọn máa ń ṣe. Kò sí ẹni tó rò ó. Kò sí nínú ìwé." Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e, ó rín títí ikọ́ fi mú un. "Ibi tí òfin ò bá sí, ẹ̀ṣẹ̀ ò sí níbẹ̀. Dá Apààlà lóhùn pé kò sí ẹlẹ́ṣẹ̀ níbẹ̀. Kí o sì wálé."

Ìyùnadé tẹ̀ síwájú wàláà. "Kò sí ẹni tó fi kún iye," ó wí. "Ẹnikẹ́ni kò jẹ̀bi."

Apààlà rò ó. Ó rò ó pẹ́ díẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ojú ló ń kán gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà, òwú pupa náà mì lórí ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ó kúrò nínú ilé, ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó ré odò kọjá, ó ń lọ sí ẹsẹ̀ òkè níbi tó wà lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Bó ṣe ń lọ, gbogbo ẹ̀gbà ọwọ́ tó wà ní òpópó náà ń yí padà lọ́kọ̀ọ̀kan sí àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ Ẹkùn Kẹsàn-án. Igbe ayọ̀ ta. Ìyá Tantólúwa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ọmọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún, àwọn ọmọ sì ń gun un lẹ́yìn. Ìyùnadé tẹ̀ka rẹ̀ sí ojú wàláà, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ó ṣe é bíi kó sùn síbẹ̀.

Màmá Àyọ̀ká kò tíì kúrò lórí àga rẹ̀. Ó nawọ́, ó wá ọwọ́ Ìyùnadé kàn.

"Ṣé a pé?"

"Ẹ pé, Màmá. Ẹ tilẹ̀ lé."

"Má sọ iye tá a fi lé."

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Màmá."

"Gbogbo wa la pé?"

"Gbogbo yín pátá lẹ pé."

Arúgbó náà di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin. "Ọjọ́ tí omi gba ilé wa," ó wí, "mo dúró sétí òkun, mo ń bi gbogbo ọkọ̀ tó ń gúnlẹ̀ pé, ṣé a pé? Ṣé a pé? Wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ọdún mọ́kànlélógójì rèé, kò sí ẹni tó dá mi lóhùn." Ó fa Ìyùnadé mọ́ra títí etí rẹ̀ fi kan ẹnu obìnrin náà. "Tún un sọ fún mi."

Ìyùnadé sì tún un sọ.